Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Yege Àròjinlẹ̀

Àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń ṣe afárá ń kọ ọ́ lórin. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ lórin. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ohùn wọn kò dùn, ń kọ ọ́ lórin pẹ̀lú. Bí o bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wàá tún gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, wàá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fọ eyín lọ́wọ́:

A, D, D, B o,
E, A, B, E,
Ẹni bá mọ̀ ọ́n kọ
Kò ní padà wá mọ́.

Orin náà gùn ju báyìí lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lásán nìyí. Kì í ṣe orin ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin ẹ̀sìn. Ìdáhùn ìdánwò Àròjinlẹ̀ ni.

Òfin ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba oyè dìgírì láìyege nínú àwọn ẹ̀kọ́ gbogbogbò. Ì báà jẹ́ ẹ̀rọ lo wá kọ́, ì báà jẹ́ òfin, ì báà jẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, dandan ni kí o kọ́ bí a ti ń kọ̀wé tó já gaara, kí o mọ díẹ̀ nípa ìlera, kí o mọ díẹ̀ nínú ìtàn, kí o sì kọ́ Àròjinlẹ̀ ní ọdún ìkẹyìn: bí a ti ń ronú lọ́nà tó tọ́, bí a ti ń ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo, bí a ti ń mọ ọ̀rọ̀ tó wọ́ kó tó wọ́ dé ilé ẹni. Òfin tó dára ni. Ta ni yóò fẹ́ kí ẹni tó mọ oògùn fún aláìsàn má mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́?

Òfin dára, ṣùgbọ́n ìṣe burú. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ Àròjinlẹ̀ kò lè gba ìdajì àwọn tó yẹ kó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó kù ń nàró síta lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan kọ́ ògiri fún wọn, ohùn atẹ́gùn ni ẹ̀rọ náà sì mọ̀ ọ́n gbé jáde jù. Bàbá arúgbó tó ń kọ́ wọn ti ń ka ìwé kan náà sínú ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Bàbá Gbohùngbohùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ìbéèrè kan náà ló ń béèrè lọ́dọọdún, bí wọ́n sì ti tò tẹ̀lé ara wọn kò yí padà rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀gbọ́n kan fi gbé àwọn ìdáhùn náà sínú orin ní ìgbà kan, tí wọ́n fà á lé àwọn àbúrò lọ́wọ́, tí àwọn náà fà á lé àwọn tó tẹ̀lé wọn lọ́wọ́. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ìrònú di ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ronú nínú rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ń wò ó níran.

Ọmọbìnrin kan wà tí kò kọ orin náà.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò lè kọrin ni. Ohùn rẹ̀ a máa yà kúrò lójú ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn máa mi ẹnu lásán bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọrin. Òpéléńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé yàrá kan, gbìyànjú láti fi orin náà kọ́ ọ, títí ó fi sú u.

"Etí rẹ dí ni?" Òpéléńgẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó di ìhà mú. "D méjì! D méjì ló tẹ̀ lé ara wọn! Ìwọ ń kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há lọ́wọ́."

"Kí ni ìbéèrè tí D méjì yẹn ń dáhùn?"

"Ta ló bi ọ́ ní ìbéèrè? Ìdáhùn ni mo ní kó o gbà, ìwọ ń wá ìbéèrè kiri!"

Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n sọ ọ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ omi ni iṣẹ́ tó wá kọ́ gan-an: bí a ti ń fa omi láti inú odò, bí a ti ń sẹ́ ẹ kó mọ́, bí a ti ń tì í gba inú páìpù dé ilé onílé. Ṣùgbọ́n Àròjinlẹ̀ wọ̀ ọ́ lára ju bó ti rò lọ. Níwájú gbọ̀ngàn ló máa ń jókòó. Àwọn mìíràn ń jókòó síwájú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ni wọ́n ń sùn níbẹ̀, nítorí iwájú ni fáànù wà. Nínú ohùn tí kò lọ sókè tí kò wá sílẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ ohun tó ti ń wá orúkọ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbọ́ pé ẹnu púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó gbọ́ pé àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, kò túmọ̀ sí pé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́. Nígbà kan tó tọ Bàbá Gbohùngbohùn lọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kan tó rú u lójú, bàbá náà kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

"Èmi lò ń bi?" ni ó wí. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí ní nǹkan o."

Ó dá a lóhùn títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi lé wọn jáde.

Ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà ní ọdún yẹn kò pọ̀: kó gba oyè rẹ̀, kó sì wọ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ omi ti dán an wò, wọ́n ti gbà á, wọ́n ní kó mú oyè rẹ̀ dání kó máa bọ̀. Bí oyè náà bá pẹ́ títí ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá tún yọ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jáde, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà, tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú, ti sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. Ẹni tó wá tún géètì ṣe á gbọ́ ọ; ẹni tó wá béèrè ọ̀nà á gbọ́ ọ.

Ní ọdún náà gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ ra kọ̀m̀pútà tuntun tó ń tẹ ìwé ìdánwò jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó da ìbéèrè rú, kó tún wọn tò bó ti wù ú. Wọn kò sọ fún Bàbá Gbohùngbohùn, wọn kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n pín ìwé, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn bí oyin tó wà nínú ihò igi. Gbogbo ètè ń mì, gbogbo ọwọ́ ń kun àmì. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìbéèrè ti parí kí alábòójútó tó ka òfin ìdánwò tán. Òpéléńgẹ́ tó wà ní òdìkejì ṣẹ́jú sí i, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àga fi ṣófo yí ọmọbìnrin náà ká. Ó tẹrí ba, ó ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó, ó ń kun àmì, títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, igbe ta. Gbogbo ọdún ìkẹyìn ló kùnà Àròjinlẹ̀ pátápátá, àfi ẹnì kan. Ẹnì kan náà kò sì yege wẹ́rẹ́ lásán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣi ìbéèrè kankan.

Ìyá Ìbéèrè ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó wọ yàrá bá Òpéléńgẹ́ tó ń sunkún, àwọn obìnrin mìíràn sì kún orí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Agbẹnusọ, ẹni tí gbogbo ọdún ìkẹyìn fi ṣe olórí, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà ìpàdé.

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́," ni Agbẹnusọ ń wí. "Ẹ̀rọ kò lè sọ pé gbogbo wa ya òpè."

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Òpéléńgẹ́, kí ni ìbéèrè kìn-ín-ní?"

"Ìbéèrè wo?"

"Nínú ìdánwò. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ bi yín?"

Òpéléńgẹ́ nu ojú. Ó wo àwọn tó jókòó tì í, àwọn náà wo ara wọn. "Mi ò kà á," ni ó wí níkẹyìn. "Ta ló ń kà á?"

"Ẹlòmíràn nínú yín ńkọ́?"

Gbogbo wọn mi orí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn kedere sí i. "Ìdáhùn ìwé tí mo kà kò bá orin yín mu. Ìbéèrè yí ipò padà, ẹ̀yin kò yí orin padà. Ìdáhùn ti ìbéèrè ọ̀tọ̀ lẹ fi ń dá ìbéèrè ọ̀tọ̀ lóhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ òótọ́ fún wọn, ká ní kí wọ́n tún wa kọ́."

Ariwo tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹnìkan ní ta ló fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ sùn. Ẹnìkan ní ó rọrùn fún ẹni tó ti yege láti máa sọ òótọ́. Agbẹnusọ ní tirẹ̀ kò pariwo. Ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ìbéèrè yí padà," ni ó wí. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ka ìwé tó wà níwájú mi ni."

"Tàbí o ti kà á kó tó dé iwájú rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí ló di ẹ̀sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ pé Ìyá Ìbéèrè ti rí ìwé ìdánwò ṣáájú. Ṣé kì í ṣe òun ló ń bá Bàbá Gbohùngbohùn dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́? Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì Ẹ̀kọ́ Gbogbogbò ránṣẹ́ sí i pé wọ́n ti gbé èsì rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, àti pé orúkọ rẹ̀ kò ní sí lára àwọn tó fẹ́ gba oyè bí wọ́n bá dá a lẹ́bi.

Ó lọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wẹ́dà náà ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

"Bọ̀dá mi, ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ pé mo kàn fọwọ́ tà á ni, pé ibi tí ọwọ́ mi bà ni mo kun," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ó ní bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa gbogbo èsì rẹ́, wọ́n á fún gbogbo wa ní máàkì ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ á tán."

"Ṣé o fọwọ́ tà á?"

"Rárá."

"Àbúrò mi, ta ni mo tọ́ tó ń jẹ́ Fọwọ́tà? Lọ bá wọn fà á. Bí wọ́n bá lé ọ, wá jórin." Ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó mi orí. "Àbí kó o má wá. Ojú irin tó o jó lọ́jọ́sí ṣì ń dẹ́rù ba àwọn oníbàárà mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Yàrá ìgbìmọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì bò, kọ́tìnnì aláwọ̀ eérú, àti fèrèsé ńlá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Olùdarí Ẹ̀kọ́ Gbogbogbò, obìnrin tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ bí inú bá ń bí i, jókòó sáàárín. Ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ìdánwò jókòó sápá òsì rẹ̀, Bàbá Gbohùngbohùn sápá ọ̀tún, ó doríkodò bí ẹni tí wọ́n mú. Agbẹnusọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan láti sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tó kù. Àwọn tó kù fúnra wọn sì ti kún abẹ́ fèrèsé, wọ́n ń gun èjìká ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni Olùdarí bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá rí ìwé ìdánwò ṣáájú yóò yege. Ìwọ yege. Àwọn tó kù kò yege. Kí la fẹ́ máa fà gùn níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè béèrè nǹkan?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lábẹ́ fèrèsé. "Ó ti bẹ̀rẹ̀!"

"Béèrè."

"Bí òjò bá rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín á tutù. Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín wọlé lónìí mà, ó tutù. Ṣé òjò rọ̀?"

Olùdarí wo ìta, níbi tí oòrùn ti ń ta yòò. "Òjò kò rọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé mà. Ẹni tó bá jí ìwé wò á yege lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà á yege pẹ̀lú. Pé mo yege kò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, bí pé ilẹ̀ tutù kò ti sọ bóyá òjò ni tàbí omi ìnulẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ẹ̀kọ́ tí ọ́fíìsì yín sọ pé dandan ni kí gbogbo wa kọ́."

Bàbá Gbohùngbohùn gbé orí sókè. Ní ọjọ́ náà, àwọn tó wà lójú fèrèsé rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ fún mi láyè," ni bàbá náà wí. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ọkùnrin kan ní, 'Gbogbo àwọn aládùúgbò mi ló ń ju pàǹtírí sínú gọ́tà, nítorí náà kò burú.' Kí ló kù díẹ̀ káàtó?"

"Ó ka orí, kò wá ìdí, sà. Bí gbogbo àdúgbò bá jù ú, gọ́tà ló máa dí jù."

"Oníṣègùn kan ní, 'Ẹni tó bá ta ko oògùn mi, ẹ wo bàtà rẹ̀, ó ti gbó.'"

"Bàtà ló dá lóhùn, sà, kò dá ọ̀rọ̀ lóhùn."

Bàbá náà ń bi í, ó ń dáhùn. Ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan ni bàbá ń fà yọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń fò sókè, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Nígbà tí ó dúró, ó kọjú sí Olùdarí. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó jí."

Olùdarí bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́. Àwọn tó kù ńkọ́? Kò sí bí gbogbo ọdún ìkẹyìn ṣe lè kùnà lẹ́ẹ̀kan náà kó má sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ka ìwé wọn."

"Ẹ bi Agbẹnusọ ní ìbéèrè kìn-ín-ní, mà," ni ọmọbìnrin náà wí.

Gbogbo ojú yí sí Agbẹnusọ. Ó gbé ọrùn aṣọ rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. "Ìbéèrè kìn-ín-ní... ó dá lórí ìrònú, mà. Ìrònú tó jinlẹ̀."

Ọ̀gá ètò ìdánwò fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ti sọ fún wọn pé ká jọ wá sọ òótọ́," ni Ìyá Ìbéèrè wí, kò wo ojú fèrèsé, nítorí Òpéléńgẹ́ wà níbẹ̀. "Wọn kò ka ìwé, mà. Wọ́n ní orin kan."

"Orin wo?"

"Orin ìdáhùn, mà."

"Irọ́ ni!" Agbẹnusọ ké. "Kò sí orin kankan! A kò mọ orin kankan!"

"Kọ ọ́ ká gbọ́," ni Olùdarí wí.

Ìdààmú bá ọmọbìnrin náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un rí pé kó kọrin. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu, ohun tó sì jáde, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

"A, D, B o... E, E, A..."

Àwọn tó wà lábẹ́ fèrèsé kọ́kọ́ fọwọ́ di etí. Lẹ́yìn náà ni ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ohun kan sẹ́nu láti ọdún àkọ́kọ́, kò rọrùn fún un láti dúró kí ẹlòmíràn máa bà á jẹ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ni ohùn kan bá bú jáde, bí ẹni tí nǹkan gún:

"Rárá o! D méjì ni! Ìwọ náà!"

Òpéléńgẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀ mú, ẹyin ti bọ́. Ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tún un ṣe: "A, D, D, B o!" Ẹni kẹta gbè é pé "E, A, B, E!" Kí Agbẹnusọ tó lè ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, gbogbo abẹ́ fèrèsé ti gbà á, ẹni tó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú, ó rò pé orin ìwọ́de ni, ó fi gbogbo agbára gbè é. Wọ́n kọ ọ́ já. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Kò sí ẹni tó ṣi ẹyọ kan.

Bàbá Gbohùngbohùn ń ka ọmọ ìka rẹ̀ tẹ̀lé e lórí tábìlì.

"Ìdáhùn mi ni," ni ó wí. "Ìdáhùn mi ni, bí mo ṣe tò ó gẹ́lẹ́."

Ojú wọn là lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n wo ara wọn. Àwọn tó wà lórí èjìká sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Inú Olùdarí ru. Ó ní olè ni gbogbo wọn. Ó ní kò sí ẹni tí yóò gba oyè lọ́dún náà nínú wọn, àfi ọmọ yìí nìkan. Kí àwọn tó kù padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n wá kọ ọ́ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, níwọ̀n bí wọ́n ti mọ orin í kọ tó bẹ́ẹ̀. Agbẹnusọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀.

Ọmọbìnrin náà ti jàre. Ìbá yí padà, ìbá gba ilé lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dé ibẹ̀ kò jẹ́ kó lọ.

"Mà, ta ló kọ́ wọn?" ni ó wí.

"Kí lo sọ?"

"Ẹ ní wọn kò mọ nǹkan kan, òótọ́ ni. Ta ló kọ́ wọn? Ẹ kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn tí kò gbà wá. Ẹ kó àwọn tó ṣẹ́kù síta, ẹ gbé ẹ̀rọ tí ń mí bí aláìsàn kọ́ wọn lórí. Ọ́fíìsì yìí mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́dọọdún, kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí máàkì gbogbo ènìyàn fi ń jọra. Ẹ̀rọ ló ń tẹ ìwé, ẹ̀rọ ló ń fún wa ní máàkì. Ojú ènìyàn kan kò kàn án. Àwọn kò ronú, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò ronú. Ó ṣe wá jẹ́ pé àwọn nìkan ló kùnà?"

Ọ̀gá ètò ìdánwò ń wo gíláàsì orí tábìlì bí ẹni tó ń wá òjìji rẹ̀ nínú rẹ̀. Olùdarí mú awò ojú rẹ̀, ó fẹ́ gbé e wọ̀, kò gbé e wọ̀.

Bàbá Gbohùngbohùn ló dìde. "Ẹ fún mi ní yàrá kékeré tí wọ́n ti lè gbọ́ ohùn mi," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbà wọ́n ní agbo-agbo. Ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lára ògiri. Ṣáájú ọjọ́ oyè, màá tún gbogbo rẹ̀ kọ́, màá sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìbéèrè tuntun."

"Gbogbo wọn? Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi àti ọmọ yìí," ni bàbá náà wí, "bó bá gbà."

Olùdarí gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ti pẹ́ lórí àga. "Èsì rẹ dúró," ni ó wí fún ọmọbìnrin náà. "Orúkọ rẹ kò kúrò. Àwọn tó kù yóò kọ́ ẹ̀kọ́, wọn yóò sì ṣe ìdánwò mìíràn. Ẹni tó bá kùnà, kó lọ tún un ṣe." Ó tún fi kún un pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Ẹ pe àwọn tó ń tún iná ṣe kí wọ́n wá yọ ẹ̀rọ yẹn lónìí."

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Àwọn kan kò fẹ́ kí Ìyá Ìbéèrè bọ́ sójú wọn. Wọ́n ń pè é ní olófòófó lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n pè é, pípè sì ni pípè náà mọ, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè kọ́ ohun tí wọn kò mọ̀. Ní yàrá kékeré tí wọ́n ti ń tọ́jú àga tó ti kán ni Bàbá Gbohùngbohùn ti ń gba agbo tirẹ̀, Ìyá Ìbéèrè sì ń gba tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Ìyanu ló jẹ́ fún wọn pé ẹ̀kọ́ náà dùn. Òpéléńgẹ́, tó kọ́kọ́ di kunkun, ló wá di ẹni tí kò ṣeé dá lẹ́kun.

"Aláìsàn mu tíì, ibà rẹ̀ lọ," ni ó ń sọ, ó ń na ìka. "Ṣé tíì ló lé ibà? Kò dá mi lójú! Ẹ fún mi ní ẹni tí kò mu tíì kí n wò ó!"

"Ó ti dé o," ni Agbẹnusọ wí, "ọjọ́ tí ìwọ bá wọ wọ́ọ̀dù, àwọn aláìsàn á sá lọ."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ìhàlẹ̀ ni. Bàbá ti sọ ọ́ lánàá."

Gbogbo agbo hó yèè. Agbẹnusọ ṣu ẹnu jọ, lẹ́yìn náà òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, ó dúró ti Ìyá Ìbéèrè, ó ń bá a ká àga.

"Mo pè ọ́ ní olè," ni ó wí.

"O pè mí."

"N kò ní ẹ̀rí."

"O kò ní."

"Má bínú." Ó gbé àga mẹ́ta lé orí ara wọn, ó gbé wọn lọ.

Ọjọ́ ìdánwò tuntun dé. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìró ìwé tí wọ́n ń ṣí nìkan ló kù. Ẹnikẹ́ni kò dìde kí àkókò tó pé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò kọrin. Wọ́n ń jiyàn. Wọ́n jiyàn dé ibi ìfọṣọ, wọ́n jiyàn dé orí àtẹ̀gùn. Agbẹnusọ lọ bá Bàbá Gbohùngbohùn ní tirẹ̀, ó ní ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ìdáhùn méjì lè tọ̀nà, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà tẹ́tí, ó ka ìbéèrè ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ògiri mú.

"O ti bá mi níbẹ̀," ni ó wí. "O bá mi níbẹ̀ gan-an! Mo yọ ọ́ kúrò."

Wọ́n yege. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ kùnà, máàkì wọn sì yàtọ̀ síra bí ojú wọn ti yàtọ̀ síra. Àwọn tó yege mọ ohun tí wọ́n fi yege.

Ní ọjọ́ oyè, oòrùn ràn, aṣọ dúdú gígùn ń gbá gbogbo ènìyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń pe orúkọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ẹni tí wọ́n bá pè, ará ilé rẹ̀ á pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pe ọmọbìnrin tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ omi, àtẹ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kò tilẹ̀ dé etí ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ọdún ìkẹyìn ló dìde dúró: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣirò, àwọn olùtọ́jú ẹran. Wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Agbẹnusọ gun orí àga, ó ń ju fìlà rẹ̀ sókè, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, wẹ́dà kan tó wọ kóòtù tí apá rẹ̀ kúrú ń ké pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlejò tí kò mọ̀ rí: "Ṣé ẹ ń wò ó? Ẹ wò ó dáadáa! Àbúrò mi ni! Èmi ni mo tọ́ ọ!"

Bàbá Gbohùngbohùn, tó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú aṣọ oyè tó ti ṣá, bọ́ fìlà rẹ̀ fún un. Olùdarí na ìwé oyè náà sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀ ju bí ó ti di ti àwọn tó kù lọ.

"A ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gbọ̀ngàn mìíràn," ni ó wí fún un jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ọmọbìnrin náà wí.

Ó gba ìwé náà, ó gbé e sókè kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i láti ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú, ó ti wà lórí afárá irin tó ré ìkùdu ńlá ilé iṣẹ́ omi kọjá, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo omi tó ń ru wọlé láti odò, tó ń lọ sí ilé gbogbo ènìyàn.